Ó Bi Mí Léèrè Kó Tó Wọ Omi

Ibi tí mo wà yìí ni n ó kú sí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, torí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ọ̀rọ̀ mi kó máa retí pé wọ́n á tú mi sílẹ̀ ní ìparí rẹ̀. Wọn kì í pa ọ̀daràn mọ́ ní ilẹ̀ Togo. Adájọ́ sọ mí sẹ́wọ̀n gbére. N kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún.

Àwọn tí a jọ wà nínú yàrá ẹ̀wọ̀n yìí ń pè mí ní Pùrófẹ̀, nítorí pé olùkọ́ ni mí tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin kan tó ti pẹ́ níbí jù mí lọ, máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí a bá ń jẹun.

"Pùrófẹ̀, àwa tí a kò mọ̀wé, ó yé wa bí a ṣe dé ibí. Ìwọ ńkọ́? Ta ló fi ọ̀nà hàn ọ́?"

N kò tíì dá a lóhùn dáadáa rí. Ìdáhùn náà ni mo fẹ́ kọ síbí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara dà á bí mo bá ń ṣàlàyé jù. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé bí n kò bá ṣàlàyé tó, ẹ ó rò pé èèyàn burúkú ni wọ́n bí mi, ẹ ó sì ní kò kàn yín.

Datcha, lẹ́bàá Atakpamé, ni wọ́n bí mi sí. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, iṣu àti òwú ló ń gbìn. Ìyá mi wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Láti kékeré ni mo ti máa ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà oko. Kì í ṣe àdúrà tí wọ́n ń kọ́ wa lọ́jọ́ ìsinmi ni mò ń sọ o. Ọ̀rọ̀ lásán ni. Mo máa sọ fún Un pé ẹsẹ̀ ń ro mí, pé ẹ̀rù ejò ń bà mí, pé èmi ni mo mú ẹran kan jẹ nínú ìkòkò tí wọ́n fi na àbúrò mi. Bí mo bá sọ ọ́ tán, ara mi á fúyẹ́, lẹ́yìn náà n ó lọ sọ fún ìyá mi pé èmi ni. Ìyá mi gbọ́ ohùn mi lọ́jọ́ kan nínú koríko.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn?"

"Ọlọ́run ni, Màmá."

"Kí ẹ̀yin méjèèjì yára, oòrùn ti ń mú."

Báyìí la ṣe rí, èmi àti Ọlọ́run. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ohun tí mo ní kí n tó sọ ọ́ nù. Kì í ṣe pé ẹnì kan kò kọ́ mi. Mo ní I lọ́rẹ̀ẹ́.

Ní yunifásítì ní Lomé ni mo ti pàdé Kọ́jó. Jẹ́ógíráfì la jọ kà, yàrá kan náà la sì ń gbé. Ọmọ apẹja ni, láti abúlé kan létí odò ní Nangbéto. Ó ga, ó dúdú, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín, tí ìwọ náà á fi máa rẹ́rìn-ín láìmọ ìdí. A jọ máa ń gbàdúrà. Bí a bá ti jà, ó máa ń wò mí lórí ìkúnlẹ̀, á ní, "Tètè fẹjọ́ mi sùn kó o dìde. Èmi náà fẹ́ sọ tèmi."

A gba lísáǹsì, ìwé ẹ̀rí yunifásítì wa, kò sì síṣẹ́. Mo padà sí Datcha. Bàbá mi kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí àlejò bá dé tó bi í pé kí ni ọmọ rẹ̀ ń ṣe, á yí ọ̀rọ̀ sí ti òjò. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ. Nígbà tí Kọ́jó gbọ́ bí nǹkan ṣe rí, ó ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun.

"Wá bá wa pẹja. Ẹja kì í béèrè ìwé ẹ̀rí."

Mo lọ. Àbúrò bàbá rẹ̀, ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Yáò, ló fún wa ní ọkọ̀, òun ló sì kọ́ mi níṣẹ́. Ó yẹ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà, torí ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Nígbà tí wọ́n sé odò Mono ní Nangbéto, omi bo igbó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú igi inú rẹ̀. Àwọn igi náà ṣì dúró nísàlẹ̀ títí dòní. Àwọ̀n máa ń há sí wọn lẹ́ka, ẹnì kan á sì ní láti mòòkùn lọ tú u. Ẹni náà á so okùn mọ́ ìbàdí, ẹnì kejì á di okùn náà mú nínú ọkọ̀.

Bàbá Yáò sọ fún mi pé, "Ẹni tó di okùn mú kò ní iṣẹ́ mìíràn. Kò gbọdọ̀ gbọ́n omi, kò gbọdọ̀ jẹun, kò gbọdọ̀ bá ará ọkọ̀ kejì tàkúrọ̀sọ. Bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ bá fa okùn lẹ́ẹ̀mejì, igi ti mú un nìyẹn. Fà á bí ẹni pé ìwọ lo wà nísàlẹ̀."

Òfin rẹ̀ kan sì tún wà. Kí àwọn méjì tó ti ọkọ̀ kúrò létí omi, wọ́n gbọ́dọ̀ bi ara wọn pé, "Ṣé nǹkan kan wà láàárín wa?" Ẹnì kọ̀ọ̀kan á béèrè, ẹnì kọ̀ọ̀kan á dáhùn. Bí nǹkan bá wà, ọkọ̀ kò ní kúrò títí wọ́n á fi parí rẹ̀. Bàbá Yáò ní òun kò lè fi ẹ̀mí òun sọ́wọ́ ẹni tó ń bínú sí òun. Èmi àti Kọ́jó máa ń fi ṣeré. Lọ́jọ́ kan mo bi í, ó ní nǹkan wà.

"Kí ni?"

"Àkàrà mi tó o jẹ lánàá. Má wò mí bẹ́ẹ̀, epo ṣì ń rùn lẹ́nu rẹ."

Bàbá Yáò kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n lọ ra àkàrà wá. A dúró létí omi títí mo fi rà á dé, àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ti pa ẹja délé.

Lọ́dún yẹn fóònù Kọ́jó bọ́ sínú odò. Ó gbọ́ pé lísẹ̀ kan, ilé-ìwé girama tó jẹ́ ti ìjọ, ń wá olùkọ́ ní Notsé, ó kọ̀wé síbẹ̀, nọ́ńbà tèmi ló sì fún wọn. Gbogbo wa la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ní fóònù á fún àwọn èèyàn ní nọ́ńbà ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Bí wọ́n bá pè, kí o pariwo kí gbogbo odò gbọ́ o," ló wí.

Wọ́n pè. Mo wà ní Datcha lọ́jọ́ náà, mo wá kí àwọn òbí mi. Ọ̀gá ilé-ìwé náà fúnra rẹ̀ ló wà lórí fóònù.

"Mùsíọ̀ Kọ́jó ni?"

"Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mí, Mùsíọ̀."

"Ibo ló wà? Olùkọ́ jẹ́ógíráfì wa ti fi wá sílẹ̀. Kíákíá la nílò rẹ̀."

Bàbá mi jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń lọ́ okùn, kò tilẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ mi. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti tẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé Kọ́jó wà lódò, pé n ó ránṣẹ́ sí i. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu mi, mo búra. Ohun tó jáde ni, "Ó ti lọ sí Nàìjíríà, Mùsíọ̀."

"Nàìjíríà? Ìgbà wo ló ń bọ̀?"

"N kò rò pé ó ń bọ̀ láìpẹ́." Mo sáré fi kún un pé, "Ẹ̀kọ́ kan náà la jọ kà. Èmi náà ní lísáǹsì."

"Ṣé o lè wá rí mi lọ́la?"

Mo ní mo lè wá. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. N kò kórìíra Kọ́jó, n kò jowú rẹ̀ pàápàá. Ẹ̀rù ọjọ́ iwájú ló ń bà mí, iṣẹ́ sì kọjá níwájú mi, mo sì mú un. Nígbà tí mo jáde lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo ní, "Baba, wọ́n pè mí lónìí..." Ibẹ̀ ni mo dúró sí. Mo rí i pé bí mo bá tẹ̀ síwájú, n ó ní láti sọ ẹni tí wọ́n pè. Mo sì mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá sọ nǹkan fún Un: ẹsẹ̀ mi máa ń lọ bá ẹni tí mo ṣẹ̀ ni. Nítorí náà mo pa ẹnu mi dé. Mo ní n ó sọ ọ́ lọ́la.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ìparun mi, kì í ṣe ọjọ́ tí mo pànìyàn. Láti ìgbà náà àdúrà mi gùn sí i. Mo ń fi Olódùmarè Ọba Àwọn Ọba bẹ̀rẹ̀, mo ń lo ọ̀rọ̀ ńláńlá bí ẹni tó ń bá mínísítà sọ̀rọ̀, torí n kò fẹ́ kí àyè ṣí sílẹ̀ fún Un láti bi mí ní nǹkan kan. Mo ṣe sí Ọlọ́run bí mo ṣe ṣe sí Kọ́jó: mo sọ fún ara mi pé kò sí nílé.

Mo sọ fún Kọ́jó pé èmi náà kọ̀wé, wọ́n sì pè mí.

"Tèmi ńkọ́? Wọn kò pè?"

"Wọn kò pè."

Ó gbé mi sókè bí ọmọdé, ó sì ń fi mí yí po létí omi. Nígbà tí mo ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Datcha, ó ru ọpọ́n ẹja láti Nangbéto wá, ó ń jó níwájú mi títí dé ibi pẹpẹ. Pásítọ̀ ní kí n jẹ́rìí. Mo gba ẹ̀rọ ohùn, mo ní, "Ọ̀rẹ́ mi ni Ọlọ́run, kò sì gbàgbé mi." Ìjọ hó. Ìyá mi ń sunkún ayọ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń juwọ́ sí wọn.

Mo lọ kọ́ àwọn ọmọ ní Notsé. Nígbà ọlidé gígùn, mo padà sódò láti bá Kọ́jó pẹja. Ó ti ní fóònù tuntun. Mo ṣàkíyèsí pé ó dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pé ó máa ń wò mí, tí mo bá sì gbójú sókè, á rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo rò pé ẹ̀bi mi ló ń fi nǹkan tí kò sí hàn mí. Lọ́jọ́ kan tí a ń tún àwọ̀n ṣe, ó ní, "Bí ilé-ìwé bá wọlé, n ó bá ọ dé Notsé. Mo fẹ́ kí ọ̀gá yín."

"Kí ni o fẹ́ bá a sọ?"

"Ìkíni. Àbí ó ní èèwọ̀ ni?"

Láti ọjọ́ náà n kò ní ìsinmi. Mo rí i lọ́kàn bí wọ́n ṣe ń lé mi kúrò, bí àwọn ará Datcha ṣe ń rántí ọpọ́n ẹja yẹn, bí ìyá mi ṣe ń bọ́ aṣọ akọrin. N kò rí Kọ́jó nínú gbogbo ohun tí mo rò yẹn. N kò rí Ọlọ́run pẹ̀lú. Èmi nìkan ni mo rí.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Òwúrọ̀ ni, odò dákẹ́. A gbé àwọ̀n sínú ọkọ̀. Kọ́jó di etí ọkọ̀ mú, kò tì í.

"Ṣé nǹkan kan wà láàárín wa?"

"Kò sí," ni mo wí.

Kò tíì wọ ọkọ̀. Ó tún ní, "Ọ̀rẹ́ mi, mo ní ṣé nǹkan kan wà?" Kò ṣeré rárá.

"Kí ló dé? Mo ní kò sí. Àbí o tún fẹ́ gba àkàrà?"

Ó wo omi. "Ó dáa. Jẹ́ ká lọ."

Ó yẹ kí èmi náà bi í, òfin ni. N kò béèrè, òun náà kò sì rán mi létí.

Nígbà tí a dé àárín odò, àwọ̀n há. Kọ́jó so okùn mọ́ ìbàdí, ó ní, "Má jẹ́ kí ẹja gbẹ̀san lára mi o," ó sì wọ omi. Mo di okùn mú. N kò ní parọ́ pé èṣù ló ṣàdédé ti ọwọ́ mi. Kó tó fa okùn rárá ni mo ti ń rò ó pé bí kò bá jáde mọ́, kò sẹ́ni tó máa lọ sí Notsé. Mo rò ó, n kò sì lé èrò náà lọ. Bí mo bá ṣì ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ni, ǹ bá ti kígbe pè É. N kò ní ẹni tí n ó ké pè.

Okùn fà lẹ́ẹ̀mejì. Ó fà gan-an. Ọwọ́ mi kò mira. Ó tún fà. Ọ̀bẹ tí a fi ń tún àwọ̀n ṣe wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Mo mú un, mo gé okùn náà. Ó yọ́ wọ omi, kò sì dún.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe pé kí wọ́n gbà wá o. Mo sunkún, omijé náà kì í ṣe ẹ̀tàn. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú ara mi.

Mo sọ fún wọn pé okùn já. Àwọn apẹja mòòkùn, wọ́n sì gbé e jáde, okùn ṣì wà ní ìbàdí rẹ̀. Bàbá Yáò mú ẹnu okùn náà, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Okùn tó bá já á fọ́nká bí irun. Èyí gún régé bí ohun tí ọ̀bẹ gé. Kò bú mi, kò lù mí. Ó fi okùn lé àwọn jandámù, ìyẹn ọlọ́pàá wa, lọ́wọ́, ó lọ jókòó ti òkú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ní ọ́fíìsì àwọn jandámù, mo ṣì ń parọ́. Mo ní bóyá igi ló gé e. Wọn kò rí ìdí tí n ó fi pa ọ̀rẹ́ mi, ọkàn wọn sì ti fẹ́ máa rọ̀. Ìgbà náà ni ọ̀gá ilé-ìwé mi wọlé láti Notsé, ó ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Inú mi dùn, mo rò pé ó wá dúró fún mi. Ó kọjú sí mi.

"Kọ́jó pè mí nígbà tí ọlidé bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá àyè wà. Mo bi í pé ṣé ó ti dé láti Nàìjíríà ni. Ó ní, 'Nàìjíríà kẹ̀?' Mo tún bi í. Ó ní òun kò dé Nàìjíríà rí."

Ó tẹ̀ síwájú:

"Mo fẹ́ lé ọ lójú ẹsẹ̀. Òun ló bẹ̀ mí. Ó ní, 'Ẹ fi sílẹ̀, Mùsíọ̀. Òun fúnra rẹ̀ á sọ fún mi. Ọ̀rẹ́ mi ni.'"

Ó ti mọ̀. Nígbà tó di etí ọkọ̀ mú, tó bi mí, tó tún bi mí, ó ti mọ̀. Kì í ṣe ìjà ló ń wá. Ó ń ṣílẹ̀kùn fún mi ni. Mo sì wò ó lójú, mo ní kò sí, ó sì tún gbé ẹ̀mí rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Mo sọ fún àwọn jandámù pé, "Èmi ni mo gé e."

Ní kóòtù, wọ́n bi ìyá Kọ́jó bóyá ó ní nǹkan láti sọ. Obìnrin náà dìde, kò wo adájọ́, èmi ló wò.

"Ṣé ọmọ mi fa okùn náà?"

"Ó fà á, Màmá."

"Ṣé ó tún fà á?"

"Ó tún fà á."

Ó jókòó. Kò sí ohun tí adájọ́ sọ lẹ́yìn náà tó wúwo tó ìyẹn.

Ó pẹ́ kí n tó lè bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ níbí. Òwúrọ̀ kan, níbi tí a tò sí láti fọ ojú, mo sọ láìkúnlẹ̀, láìpe oyè Rẹ̀ kankan pé, "Mo gba iṣẹ́ Kọ́jó. Mo gé okùn náà." N kò rí ìmọ́lẹ̀, àlàáfíà kankan kò sọ̀ kalẹ̀. Ìrora ni mo rí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹnì kan ń gbọ́ mi, pé Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ tí fóònù ti dún, pé Ó ti ń dúró pé kí n sọ ọ́. Mo gbàgbọ́ pé Jésù kú fún irú mi. Síbẹ̀ ìdáríjì tí mo gbà kò gbé Kọ́jó dìde fún ìyá rẹ̀. N ó gbé ohun méjèèjì pọ̀ títí n ó fi kú, n kò sì ní bẹ̀ yín kí ẹ ṣàánú mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ kàwé tán tí ẹ jókòó sílé, tí ojú ń tì yín níwájú bàbá yín, mo mọ ẹ̀rù tó wà nínú yín. Ẹ má rò pé ọ̀rẹ́ Ọlọ́run ni ẹni tó ń gba ẹ̀rọ ohùn nínú ìjọ. Mo gbà á rí. Ọ̀rẹ́ Rẹ̀ ni ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan tó ń fò kọjá bó bá ń bá A sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ti ní ọ̀kan, bó tilẹ̀ kéré, bó tilẹ̀ jẹ́ irọ́ kan péré lórí fóònù, ẹ sá fún un bí iná. Ẹ sọ ọ́ fún Un bó ṣe rí gan-an, kó tó di pé ẹ kò ní ẹni tí ẹ lè ké pè.

Ìwọ tó ń kà á lọ́wọ́lọ́wọ́, bí orúkọ ẹnì kan bá ti wá sí ọ lọ́kàn, má kà á parí. Ẹni náà ṣì ń mí. Ó lè bú ọ, ó lè lé ọ síta, o lè pàdánù iṣẹ́ rẹ. Gbé ìwé yìí sílẹ̀, dìde, lọ bá a.